Ṣé Tan Zhongyi Kò Kúnjú Òṣùwọ̀n Ni? Ìdáhùn Lórí Ìjà Adé Ṣẹ́ẹ̀sì Obìnrin Ọdún 2025

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo mọ òfin ṣẹ́ẹ̀sì, mi ò kàn tíì mọ̀ ọ́n ta dáadáa ni. Mo wo ìjà adé obìnrin àgbáyé láàárín Ju Wenjun àti Tan Zhongyi ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Tan ló kọ́kọ́ na Ju, ní ayò kejì. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, Ju ti nà án lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, wọ́n sì parí ẹ̀ ní ayò kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ méjìlá ni wọ́n pè é. 6.5 sí 2.5! Ṣé Tan kò kúnjú òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú mi ò tó?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ló rí àbájáde yẹn tí wọ́n kàn sọ pé Ju lù ú bí ẹní lu bàrà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹ̀yin béèrè bóyá nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò ńlẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ayò kẹsàn-án. Ẹni tó bá borí nínú ayò kan gba àmì kan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n á pín àmì náà sí méjì, kálukú á mú ìdajì. Nítorí náà, ayò méjìlá, àmì méjìlá ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti kó 6.5 nínú rẹ̀ ti kó ju ìdajì lọ, ẹnì kejì ò sì lè bá a mọ́. Nígbà tí ayò kẹsàn-án parí, 2.5 ló wà lọ́wọ́ Tan, ó ku ayò mẹ́ta. Ká ní ó borí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 5.5 ni yóò ní. Kí ni wọ́n tún fẹ́ jókòó ta? Kì í ṣe òní ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1962 tí Nona Gaprindashvili, ọmọ Jọ́jíà, gba adé lọ́wọ́ Elisaveta Bykova ará Rọ́ṣíà, ayò mẹ́rìndínlógún ni wọ́n là kalẹ̀, mọ́kànlá ni wọ́n ta: 9 sí 2. Ní Jaén ní orílẹ̀-èdè Sípéènì ní 1996, Susan Polgar na Xie Jun ní 8.5 sí 4.5, ayò mẹ́tàlá ló gbà wọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Tan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò kúnjú òṣùwọ̀n kò tíì wo ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Tan ti dé adé yìí rí: òun ló gba ìdíje àgbáyé ọdún 2017 ní Tehran ní ilẹ̀ Ìráànì. Ju ló gbà á lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nínú ìjà alá-yò-mẹ́wàá tí wọ́n ṣe ní Shanghai àti Chongqing, 5.5 sí 4.5 péré sì ni. Kí Tan tó tún lè pe Ju níjà, ó ní láti la ìdíje Candidates ti ọdún 2024 kọjá ní Toronto ní Kánádà. Obìnrin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kálukú bá àwọn méje yòókù ta lẹ́ẹ̀mejì-méjì, ayò mẹ́rìnlá gbáko. Tan kó àmì 9. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Humpy Koneru àti Vaishali Rameshbabu láti Íńdíà pẹ̀lú Lei Tingjie láti Ṣáínà, 7.5 ni wọ́n ní. Àmì kan ààbọ̀ ni àlàfo yẹn, bẹ́ẹ̀ ní irú ìdíje báyìí ìdajì àmì ti tó láti sọ ẹnì kan di ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí òun àti Ju sì wá jókòó ní 2025, rétíǹgì àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára olùta ṣe tó, fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Báwo ni ẹni tó tú irú àwọn wọ̀nyẹn ká ní Toronto ṣe wá pàdánù ní 6.5 sí 2.5 ní ọdún kan lẹ́yìn náà? Tèmi ni pé ìjà adé mọ bí a ṣe ń fi ẹni tó lágbára jù hàn, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń wọn bí agbára náà ṣe jù tó. Pé Ju ló dára jù ní oṣù kẹrin yẹn, èyí kò ní àríyànjiyàn. Pé ó fi ìlọ́po méjì àbọ̀ dára ju Tan lọ, irọ́ ni, àmì tó wà lára pátákó ló ń pa irọ́ náà.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú ìdíje tí ẹni mẹ́jọ wà, bí ẹnì kan bá na yín lónìí, ọ̀la ẹlòmíràn ni ẹ máa bá jókòó. Ẹni tó nà yín lè lọ pàdánù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ má tilẹ̀ gbé ọwọ́ kan, kí àlàfo tó wà láàárín yín pa dé. Nínú ìjà adé, àmì tó bọ́ lọ́wọ́ yín, ọwọ́ ẹni tó jókòó síwájú yín ló bọ́ sí, kò sì sí ẹnì kankan níbòmíràn tó máa bá yín gbà á padà. Ojú kan náà ni ẹ máa tún rí lọ́la, àti lọ́túnla, títí tí yóò fi parí.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ìjà ti 2025 ní ayò kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ọ̀mì. Ìkejì, Tan borí. Ìkẹta, Ju dá a padà. Ìkẹrin, ọ̀mì. 2 sí 2. Bí ẹnìkan bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀ yẹn tó lọ sùn, yóò sọ fún yín pé àwọn méjèèjì dọ́gba, kò sì ní parọ́. Ìkarùn-ún, Ju borí: 3 sí 2. Èyí náà ò tíì le, ayò méje ṣì wà níwájú, odindi àmì kan nìkan ló wà láàárín. Ìkẹfà, Ju tún borí: 4 sí 2.

Ibí yìí gan-an ni kí ẹ dúró wò. Ayò mẹ́fà ló kù. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Ju ti mú adé lọ sílé. Bí Tan bá borí nínú ẹyọ kan tí wọ́n ta ọ̀mì nínú márùn-ún tó kù, Ju náà ni, 6.5 sí 5.5. Tan gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé Ju borí ẹyọ kan, kí wọ́n tó lè dọ́gba lásán. Ọ̀mì tó jẹ́ ohun iyì tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù lójú rẹ̀. Pàápàá ní ọjọ́ tó bá ń ta dúdú: funfun ló máa ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, nítorí náà láàárín àwọn tó gbówọ́, ẹni tó di dúdú mú tó rí ọ̀mì gbà ti ṣe bẹbẹ. Ẹni tí àmì méjì fi sílẹ̀ sẹ́yìn kò rí àyè irú bẹbẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ló máa ń ṣe, irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹnì kejì ní kí wọ́n fi ayaba pa ayaba, kò ní gbà, torí pé bí ayaba méjèèjì bá ti kúrò lórí pátákó, ayò náà á rọ̀, ọ̀mì á sì sún mọ́lé. Ó máa lé àwọn ọmọ-ogun tó wà níwájú ọba rẹ̀ síwájú kó lè rí ọ̀nà gbógun, ọba rẹ̀ náà á wá dúró ní gbangba. Àyè wà láti jẹ́ kí ipò kan náà wáyé lórí pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó dọ̀mì, yóò wò ó tìtì, yóò sì yà gba ibi tí ò dá a lójú. Ní ọjọ́ mìíràn tí àmì dọ́gba, òun kan náà kò ní dán an wò. Àwọn àgbà ní ẹní bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó ṣáájú sì mọ gbogbo èyí. Ó kàn máa jókòó, ó máa dí gbogbo ihò, ó máa dúró de ìgbà tí ẹnì kejì bá nà jù.

Ìkeje, 5 sí 2. Ìkẹjọ, 6 sí 2. Ní báyìí, Tan gbọ́dọ̀ borí nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù kó tó lè rí 6 sí 6. Ọ̀mì kan ṣoṣo ni Ju ń wá, ó sì rí i nínú ìkẹsàn-án. Bí ẹ bá bi mí, nínú ayò mẹ́rin tí Ju gbà léra wọn, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ló sọ fún wa pé ó dára jù. Nínú ìkeje àti ìkẹjọ, ipò tí àmì wà ti ń jà fún un.

Bí ẹ bá rò pé mo ń gbèjà Tan ni, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nana Alexandria, ọmọ Jọ́jíà, lọ sí ìjà adé lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1975 ó pàdé Gaprindashvili, Gaprindashvili nà án ní 8.5 sí 3.5, ayò méjìlá ló parí ọ̀ràn. Ní 1981 ó padà wá, ó bá Maia Chiburdanidze pàdé, ọ̀dọ́bìnrin tó ti gba adé lọ́wọ́ Gaprindashvili fúnra rẹ̀ ní 1978 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Wọ́n ta gbogbo ayò mẹ́rìndínlógún: 8 sí 8. Ẹni tó ní 3.5 ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ní 8 yìí. Ó ti gbèrú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ó gbèrú débi tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ. (Ó dùn mí fún un, kí n má parọ́. Lábẹ́ òfin ìgbà yẹn, bí ìjà bá parí ní ọgbọọgba, adé kì í kúrò lórí ẹni tó dé e. Chiburdanidze ló dé adé, òun náà ló gbé e lọ sílé. Lónìí, wọ́n á tún un ta pẹ̀lú ayò kíákíá títí ẹnì kan á fi borí.)

Ẹ lè wá sọ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn ti tán nìyẹn. Rárá o. Ibi tí mo ti máa gbóríyìn fún Ju nìyí, torí pé òun gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù lọ pé èèyàn lè wà lẹ́yìn kó má sì tú. Ní oṣù keje ọdún 2023, ní Chongqing àti Shanghai, Lei Tingjie nà án nínú ayò karùn-ún. Ju kò fi ìbínú kọ́ ilé. Ó ta ọ̀mì nínú ìkẹfà, ó ta ọ̀mì nínú ìkeje, pẹ̀lú àmì kan tó ń jẹ. Nínú ìkẹjọ, ó gbẹ̀san. Wọ́n wá jọ rìn ní ọgbọọgba títí dé ìkejìlá, ọjọ́ ìkẹyìn pátápátá, Ju borí: 6.5 sí 5.5. Ẹ fi wé ti 2025. 6.5 náà ni, Ju náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wo ti 2023 kò rímú mí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni iye àmì àti iye ayò tó kù. Àmì kan pẹ̀lú ayò méje níwájú, èèyàn ṣì lè fara balẹ̀ ta bó ṣe máa ń ta. Àmì méjì pẹ̀lú ayò mẹ́fà, ìfarabalẹ̀ ti di owó tí èèyàn ò ní.

Ti ọdún 2020 tún lágbára ju èyí lọ. Aleksandra Goryachkina, ọmọ Rọ́ṣíà, ni Ju kojú, ní Shanghai àti Vladivostok. Ju ló kọ́kọ́ borí, nínú ayò kẹrin. Goryachkina dá a padà nínú ìkarùn-ún. Goryachkina tún borí nínú ìkẹjọ, ó wá wà níwájú. Kí ni Ju ṣe? Ó gba ìkẹsàn-án, ó gba ìkẹwàá. Ó wá ku ìkejìlá, Goryachkina gbọ́dọ̀ borí kó tó lè dọ́gba, ó sì borí lóòótọ́: 6 sí 6. Nítorí náà kò sí òfin tó ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn máa ṣubú. Wọ́n lọ sí ayò kíákíá mẹ́rin, Ju gbà á ní 2.5 sí 1.5.

Ẹ to àwọn ìkùnà Ju sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ wò ó. Ó pàdánù ayò kẹjọ ní 2020, ó gba méjì tó tẹ̀ lé e. Ó pàdánù ìkejìlá ní ọdún kan náà, ìgbà tí ọkàn ẹlòmíràn ì bá ti fọ́ yángá torí pé adé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gba ayò kíákíá. Ó pàdánù ìkejì ní 2025, ó gba ìkẹta lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní Ju kì í ta ayò tó dùn ún wò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kò jẹ́ kí ayò tó ti kú tẹ̀ lé òun wọ inú èyí tó kàn. Nínú ìjà tí ẹ ò ti ní bá ẹlòmíràn jókòó, mi ò mọ ẹ̀bùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló jẹ́ kó gba adé yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún: lẹ́ẹ̀mejì ní 2018, lẹ́yìn náà 2020, 2023 àti 2025.

Nǹkan kejì tí ojú yín lè má tó ni ìmúrasílẹ̀. Tan borí ní Toronto ní oṣù kẹrin 2024. Oṣù kẹrin 2025 ni òun àti Ju jókòó. Odindi ọdún kan ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi ń yẹ ẹnì kan ṣoṣo wò: ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó fẹ́ràn, irú ìpò tí kì í ta dáadáa, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń yára jù. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wàhálà ìṣirò, àwọn olùrànlọ́wọ́ ló ń ṣà á. Àwọn méjèèjì yìí kì í sì í ṣe àjèjì síra wọn. Ọdún 1991 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì ní Ṣáínà, wọ́n sì jọ wà nínú ikọ̀ obìnrin tó gba góòlù ní Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín ikọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ọdún 2016 ní Baku. Ẹni tó bá ti jọ bá yín múra ìdíje rí mọ bí ẹ ṣe ń ronú. Nítorí náà kò sí àṣírí púpọ̀ láàárín wọn, iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ ni kí wọ́n wá ohun tuntun tí ẹnì kejì ò tíì rí.

Ibi tí ẹ ti lè rí èyí pẹ̀lú ojú ara yín ni aago. Ìṣẹ́jú 90 ni kálukú ní fún ìgbésẹ̀ 40 àkọ́kọ́, wọ́n á tún fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún ìyókù, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ń wọlé lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí aago ẹnì kan ṣì wà ní ìṣẹ́jú 92 tí ti ẹnì kejì ti lọ sílẹ̀ sí 45, kò sídìí kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀ àti ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ju 90 lọ: ẹni tó ń gbé ìgbésẹ̀ tó ti kọ́ sórí lè lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kó gba ọgbọ̀n.

Gbèsè aago yẹn, àárín ìgbésẹ̀ 30 sí 40 ni wọ́n ti ń san án. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ku ìṣẹ́jú kan fún ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án. Bó ṣe ń wá èyí tó tọ̀nà, ó tún gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé, tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì, torí pé níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá ń wọlé, òfin ò yọ̀ǹda fún un kó dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí ẹṣin, á dúró lókè rẹ̀, á padà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án: ohun tí ọwọ́ bá kàn, dandan ni kó gbé e. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ lè fẹnu kò sí ọ̀mì kí ìgbésẹ̀ 40 tó pé, wọ́n ti fòfin de ìyẹn kí wọ́n má baà máa fi eré ṣeré. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń fi àwọn obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ yẹn ló ti wá. Àwa tí a jókòó sílé, tí kọ̀ǹpútà ti fi ọ̀pá funfun àti dúdú hàn wá pé ẹni báyìí ló ń borí, gbogbo wa la ti di ọ̀gá.

Ẹ lè wá béèrè pé bí ìjà adé bá ń purọ́ nípa iye, kí ló dé tí wọn ò wá ọ̀nà mìíràn? Wọ́n wá a, kò sì dára. Láàárín ọdún 2000 sí 2018, lọ́pọ̀ ìgbà ni FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì ní àgbáyé, fi ìdíje ẹlẹ́ni 64 pín adé náà: ẹni méjì á ta ayò méjì, ẹni tó bá fìdí rẹmi á di ẹrù rẹ̀. Èèyàn lè jí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú orí fífọ́, kó sì di ẹni tí kò ní adé mọ́. Hou Yifan, ọmọ Ṣáínà tó gba adé ní ọmọ ọdún 16 ní 2010, Monika Socko ará Pólàńdì lé e jáde ní ìpele kejì ní 2012. Anna Ushenina láti Yukiréènì ló gba adé ọdún yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Hou pe Ushenina jókòó fún ìjà ojú-kojú, ó nà án ní 5.5 sí 1.5 láìpàdánù ayò kan. Ní 2015, Hou ò lọ rárá, Mariya Muzychuk gba adé. Ní 2016, Hou tún pè é jókòó ní Lviv, ìlú Muzychuk gan-an, 6 sí 3. Ju náà mọ bó ṣe ń rí: oṣù karùn-ún 2018 ló gba adé lọ́wọ́ Tan, kí ọdún tó parí wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ láàárín ẹni 64 ní Khanty-Mansiysk. Ó gbà á ṣá o. Láti 2020 ni ìjà ojú-kojú ti padà sípò rẹ̀, owó ẹ̀bùn rẹ̀ sì di 500,000 yúrò.

Ohun kan wà tí ìjà ojú-kojú pàápàá kò lè ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Àwọn méjì tó jókòó nìkan ló lè wọ̀n. Hou fi ọ̀rọ̀ adé sílẹ̀ lẹ́yìn 2016, bẹ́ẹ̀ rétíǹgì rẹ̀ ló ṣì ga jù láàárín obìnrin fún ọdún púpọ̀. Judit Polgar, àbúrò Susan, kò wá adé yìí rí láyé rẹ̀. Àárín àwọn ọkùnrin ló ti ta tirẹ̀, ó sì dé ipò kẹjọ ní gbogbo àgbáyé.

Bí ẹ bá fẹ́ padà lọ wo ìjà 2025, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ayò àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún. Ẹ pa ọ̀pá funfun-dúdú ti kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì kọ iye àmì sórí ìwé kí ayò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀: 2 sí 2, 3 sí 2, 4 sí 2, 5 sí 2, 6 sí 2. Ní gbogbo ibi tí Tan bá ti kọ̀ láti fi nǹkan pa nǹkan, ẹ wo nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ bi ara yín bóyá yóò kọ̀ ọ́ ká ní 2 sí 2 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ayò karùn-ún sí ìkẹjọ ti 2023 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi tí Ju ti wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ohun tí òun gbà láti fi pa àti ohun tí kò gbà. Bí ibì kan bá rú yín lójú níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ayò náà àti ìgbésẹ̀ tó rú yín lójú ránṣẹ́ sí mi, á jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.